Níbo lowó àwọn kílọ́ọ̀bù bọ́ọ̀lù ńláńlá ti ń wá gan-an? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Viewing centre àdúgbò wa lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ló pariwo pé jẹ́sì Ronaldo nìkan ti san owó tí Juventus fi rà á, ẹlòmíì ní irọ́ ni, ariwo wá pọ̀ débi pé a ò tiẹ̀ rí góòlù kejì tá a torí ẹ̀ sanwó. Látìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń bi mí ní ìbéèrè lóríṣiríṣi, torí wọ́n mọ̀ pé èmi máa ń ka ọ̀rọ̀ owó kílọ́ọ̀bù bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń ka àbájáde ìdíje. Mo kó wọn jọ síbí. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀.

Ẹ fi àlàyé gbọọrọ sílẹ̀, ọ̀nà mélòó lowó ń gbà wọlé?

Mẹ́ta. Owó ọjọ́ ìdíje, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ohun táwọn èèyàn bá jẹ tí wọ́n mu ní pápá. Owó tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀kẹta ni owó òwò, ìyẹn onígbọ̀wọ́, jẹ́sì, orúkọ tí wọ́n tà mọ́ pápá, àti ìrìn àjò tí wọ́n máa ń lọ sí Amẹ́ríkà àti Éṣíà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Real Madrid ní sáà 2023/24. Mílíọ̀nù 248 yúrò wọlé láti ọjọ́ ìdíje, 316 láti tẹlifíṣọ̀n, 482 láti òwò. Ẹ rò ó pọ̀, ó lé ní bílíọ̀nù kan yúrò, kò sì sí kílọ́ọ̀bù tó débẹ̀ rí ṣáájú wọn. Deloitte, ilé iṣẹ́ ìṣirò owó tó máa ń to àwọn kílọ́ọ̀bù tẹ̀léra lọ́dọọdún, ló ṣe ìṣirò yẹn, wọn ò sì ka owó títa agbábọ́ọ̀lù mọ́ ọn, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí màá padà síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ojú wa ni wọ́n ń tà lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú ẹni tó wà ní pápá, ojú ẹni tó ń wò ó nílé, ojú tí onígbọ̀wọ́ fẹ́ kó rí orúkọ òun. Ibi tójú bá pọ̀ sí lowó ń lọ.

Pápá tó máa ń kún fọ́fọ́ yẹn, ṣé òun kọ́ ló ń mówó wá jù ni?

Láyé ìgbà kan, owó géètì ni gbogbo ẹ̀. Ní báyìí, òun ló kéré jù nínú mẹ́ta ní ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí wọ́n ń bá pín in, tí wọ́n bá kọ́ pápá tó tóbi, tiwọn ni tiwọn, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń kọ́lé kiri.

Arsenal ni màá fi ṣàpẹẹrẹ torí èmi náà wà nídìí ìyà ọ̀hún. Highbury ò gbà ju nǹkan bíi 38,000 èèyàn lọ, àwọn tó sì fẹ́ wọlé ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ni wọ́n bá lọ kọ́ Emirates tó gba èèyàn tó lé ní 60,000, wọ́n ṣí i ní 2006. Ó ná wọn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 390 pọ́n-ùn, gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn, àwọn ọdún tí wọ́n fi ń san án náà làwa fi jókòó wo Fàbregas àti Nasri tí wọ́n lọ ní 2011, Van Persie náà tún dìde lọ bá Man United ní 2012, ó débẹ̀ tán ó gba líìgì lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń fò sókè tó ń kọrin kọ́ ló ń mówó ńlá wá. Tíkẹ́ẹ̀tì àwọn tó bá tẹ̀lé kílọ́ọ̀bù wọn lọ sílé ẹlòmíì ní Premier League kò gbọ́dọ̀ ju 30 pọ́n-ùn lọ látọdún 2016. Àwọn tó wà lókè nínú yàrá onígíláàsì, tí wọ́n ń jẹ ẹran tí wọ́n ń mu wáìnì, tí wọ́n á tún máa béèrè pé ta ló gbá góòlù wọlé, àwọn yẹn lọ̀gá.

Tottenham ló wá sọ ọ́ di iṣẹ́. Pápá tuntun tí wọ́n ṣí ní 2019 gba èèyàn 62,850, koríko ibẹ̀ pín sí mẹ́ta, wọ́n lè fà á wọ abẹ́ ìjókòó kí koríko àtọwọ́dá wá yọ síta kí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni Usyk ti na Anthony Joshua, ọmọ Ṣágámù tiwa, ní September 2021, ó ṣì ń dùn mí. Beyoncé kọrin níbẹ̀ lálẹ́ márùn-ún ní 2023. Gbogbo ọjọ́ táwọn kílọ́ọ̀bù yòókù fi tilẹ̀kùn pápá wọn, Spurs ń gbowó ilé.

Madrid náà tún Bernabéu ṣe kó lè máa ṣe irú ẹ̀. Taylor Swift kọrin níbẹ̀ ní May 2024, àwọn aládùúgbò bá fẹjọ́ sùn pé ariwo ò jẹ́ káwọn sùn, ó di September ọdún yẹn wọ́n dá àwọn kọ́ńsáàtì dúró. Ẹ ò rí i, Madrid náà ní ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù.

Owó tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Wọ́n ní òun ló sọ Premier League di ọlọ́lá.

Òótọ́ ni. Nígbà tí Premier League bẹ̀rẹ̀ ní 1992, àdéhùn tí wọ́n bá Sky àti BBC ṣe jẹ́ mílíọ̀nù 304 pọ́n-ùn fún ọdún márùn-ún. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025, tí Sky àti TNT jọ gbà, bílíọ̀nù 6.7 pọ́n-ùn ni fún ọdún mẹ́rin. Ìlú Ọba nìkan lèyí o. Owó tó ń wọlé láti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ti ju tilé lọ látìgbà àdéhùn 2022.

Ibí yìí gan-an la ti wọ̀ ọ́. SuperSport ra ẹ̀tọ́ láti máa fi hàn ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, oní-viewing centre ń san owó DStv lóṣooṣù, ẹ̀yin náà san owó ìjókòó fún un, ẹ wá fún ara yín mọ́ orí bẹ́ǹṣì, jẹ́nẹ́rétọ̀ ń hó. Owó pérété tẹ́ ẹ san yẹn, ó mọ ọ̀nà tó ń gbà dé Lọ́ńdọ̀nù. Tẹ́nì kan bá tún ní kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ Arsenal, kí lẹ mú wá fún wọn, ẹ sọ fún un pé ẹ ti dá tiyín.

Bí wọ́n ṣe ń pín in ló wù mí jù. Nínú owó tẹlifíṣọ̀n tilé, ìdajì ni wọ́n ń pín dọ́gba fún gbogbo ogún kílọ́ọ̀bù, ìdá kan nínú mẹ́rin tẹ̀ lé ipò téèyàn bá ṣe, ìdá kan nínú mẹ́rin tó kù tẹ̀ lé iye ìgbà tí wọ́n fi ìdíje yín hàn láàyè. Apá tó pọ̀ jù nínú tòkè òkun náà, ọgbọọgba ni. Ní 2023/24 Man City tó gba ife rí 175.9 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, Sheffield United tó ṣe ìkẹyìn tí gbogbo èèyàn ń nà bí ẹni lu bàtá, 109.7 mílíọ̀nù lòun náà gbé lọ sílé. Ní Sípéènì, kí ìjọba tó ṣòfin ní 2015, kálukú ló ń ta tiẹ̀ lọ́tọ̀, Madrid àti Barcelona á kó ẹran lọ, àwọn tó kù á máa lá egungun. Ìdí kan rèé tẹ́ ẹ fi ń rí i tí kílọ́ọ̀bù kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ ra agbábọ́ọ̀lù tó dáa lọ́wọ́ àwọn kílọ́ọ̀bù tórúkọ wọn tóbi ní Ítálì àti Sípéènì.

Ká padà sórí ìjà wa: ṣé jẹ́sì Ronaldo san owó Ronaldo àbí kò san án?

Kò san án o. Irọ́ yẹn ti pẹ́ láyé, ó ti bímọ.

Juventus ra ọkùnrin náà ní mílíọ̀nù 100 yúrò ní 2018. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń rán jẹ́sì ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó jẹ́sì, ìdá kékeré ló máa ń kan kílọ́ọ̀bù lórí ẹyọ kan. Ká ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni, jẹ́sì kan sì jẹ́ 100 yúrò, yúrò mẹ́wàá ló kan kílọ́ọ̀bù nìyẹn. Kó tó pé mílíọ̀nù 100, ẹ gbọ́dọ̀ ta mílíọ̀nù mẹ́wàá jẹ́sì, tórúkọ ẹnì kan ṣoṣo sì wà lẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa ní Balógun ńkọ́? Kọ́bọ̀ kan ò dé Turin, ìlú Juventus, nínú ẹ̀.

Ibi tówó jẹ́sì wà gan-an ni owó tí ilé iṣẹ́ náà ń san lódindi fún ẹ̀tọ́ láti rán an. Man United àti adidas fọwọ́ sí mílíọ̀nù 900 pọ́n-ùn fún ọdún mẹ́wàá, títí di 2035. Ẹ ta ẹ̀ o, ẹ ò tà á o, owó yẹn ń bọ̀. Àfi kí wọ́n má rí Champions League, ìdíje àwọn kílọ́ọ̀bù tó dáa jù ní Yúróòpù, gbá, mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn ló ń já kúrò lórí sáà kọ̀ọ̀kan tí wọn ò bá débẹ̀. Adidas ò fẹ́ gbọ́ ìtàn.

Kí lèrè àwọn tó ń fi orúkọ sí àyà jẹ́sì?

Ojú náà ni wọ́n ń rà. Ní 2004, Emirates, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, san nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn fún Arsenal, orúkọ orí pápá fún ọdún 15 pẹ̀lú àyà jẹ́sì fún ọdún mẹ́jọ. Lónìí ẹni tí kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí láyé ẹ̀ mọ̀ pé Emirates wà. Owó yẹn ti kéré jù lójú mi, àmọ́ Arsenal nílò owó ilé nígbà yẹn, ẹni tébi ń pa kì í yọwó ọjà pẹ́.

Rwanda náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 2018, wọ́n kọ Visit Rwanda sí apá jẹ́sì Arsenal, àríyànjiyàn sì pọ̀ lórí ẹ̀ pé kí lorílẹ̀-èdè tí kò lówó tó bẹ́ẹ̀ ń wá nídìí bọ́ọ̀lù olówó. Man United tiẹ̀ ní onígbọ̀wọ́ fún núdù rí, mi ò purọ́, wọ́n sì bá Glo tiwa da òwò pọ̀ nígbà kan. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń gé tà, bí ẹni ń gé iṣu.

Àwọn oní-bet ló gba àyà jẹ́sì kílọ́ọ̀bù kéékèèké jù, torí àwọn ló ń san iye tílé iṣẹ́ mìíì ò lè san. Àwọn kílọ́ọ̀bù Premier League ti fẹnu kò ní 2023 pé kí wọ́n kúrò níwájú jẹ́sì tí sáà 2025/26 bá parí. Apá jẹ́sì ò sí nínú òfin yẹn, ẹ kúkú mọ ibi tí wọ́n máa sá lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń jà sí ipò kẹrin bí ẹni ń jà sí ife?

Torí ipò kẹrin ló ń mú kílọ́ọ̀bù wọ Champions League. Wenger, kóòṣì Arsenal, sọ nígbà yẹn pé bí ife ló rí, a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wo owó Champions League 2024/25 kẹ́ ẹ tó tún rẹ́rìn-ín. Kẹ́ ẹ ṣáà ti wọlé, 18.62 mílíọ̀nù yúrò. Tẹ́ ẹ bá na ẹnì kan, 2.1 mílíọ̀nù, ọ̀mì jẹ́ 700,000. Ipele ẹlẹ́ni mẹ́rìndínlógún mú mílíọ̀nù 11 wá, ẹlẹ́ni mẹ́jọ 12.5, sẹmi 15, fáínà 18.5, ẹni tó bá wá gbé ife tún fi 6.5 lé e. Owó tẹlifíṣọ̀n àti owó tí wọ́n ń fún kílọ́ọ̀bù lórí ohun tó ti ṣe sẹ́yìn ṣì wà lọ́tọ̀.

Ẹni tó wọ Europa League, ìdíje tó tẹ̀ lé e, ní sáà yẹn, 4.31 mílíọ̀nù ni wọ́n fi kí i káàbọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn lè ra agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó dáa kan.

Ṣé owó títa agbábọ́ọ̀lù wà lára owó tó ń wọlé?

Ó ń wọlé, àpò mìíì ni wọ́n ń kó o sí. Ibí yìí ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù, ẹ jẹ́ ká fi danfo ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ra danfo, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ọdún márùn-ún lẹ máa fi ná an, ẹ ò ní sọ pé gbogbo owó ọkọ̀ yẹn tán lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ máa pín in sí ọ̀nà márùn-ún nínú ìwé yín. Bẹ́ẹ̀ làwọn náà ń ṣe sí agbábọ́ọ̀lù. Chelsea ra Enzo Fernández ní 106.8 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ní January 2023, wọ́n fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ ààbọ̀, ohun tó ń hàn nínú ìwé lọ́dọọdún wá jẹ́ nǹkan bíi 12.6 mílíọ̀nù péré. Ọgbọ́n yẹn pọ̀ débi pé UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, ní ọdún márùn-ún ni kẹ́nikẹ́ni má pín in kọjá, Premier League náà tẹ̀ lé e ní December 2023.

Tí wọ́n bá wá tà á, owó tó bá lé lórí ohun tó kù nínú ìwé ni èrè. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà fúnra wọn ńkọ́? Wọn ò rà á, kò sí nǹkan kan tó kù nínú ìwé, èrè ni gbogbo owó ẹ̀. Ẹ wo Fikayo Tomori, ọmọ Yorùbá, àti Tammy Abraham, ọmọ Nàìjíríà bákan náà. Láti kékeré ni Chelsea ti ń tọ́ wọn. Ní 2021, Milan san nǹkan bíi mílíọ̀nù 28 yúrò lórí Tomori, Roma san 40 lórí Abraham, àwọn tó ń ṣe ìwé owó ní Chelsea á ti máa jó. Àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń bínú pé wọ́n ń ta ọmọ ilé, òfin ìṣirò ló ń tì wọ́n.

Àwọn kílọ́ọ̀bù kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ alágbàtà ni wọ́n ń ṣe tààrà. Benfica ta João Félix ní mílíọ̀nù 126 yúrò ní 2019. Enzo yẹn kan náà, ọwọ́ wọn ni Chelsea ti rà á, kò tíì lò tó ọdún kan lọ́dọ̀ wọn látìgbà tó ti Argentina dé. Brighton náà ò kẹ̀rẹ̀, Caicedo tí wọ́n ra pọ́ọ́kú ní 2021, Chelsea (àwọn náà ni!) ló kó mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn kalẹ̀ lórí ẹ̀ ní 2023, àfikún wà níwájú.

Ẹni tó ni kílọ́ọ̀bù, tó bá lówó, ṣé kò kàn lè da owó sílẹ̀?

Abramovich, olówó ará Rọ́ṣíà, ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ra Chelsea ní 2003, nígbà tí wọ́n fi máa ta kílọ́ọ̀bù náà ní 2022, owó tó ti yá wọn ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù kan ààbọ̀ pọ́n-ùn, kò sì gbà á padà. Lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í náwó bẹ́ẹ̀ lòfin wá le. Ní 2013, Premier League ṣòfin pé kílọ́ọ̀bù ò gbọ́dọ̀ pàdánù ju mílíọ̀nù 105 pọ́n-ùn lọ láàárín ọdún mẹ́ta, òfin yẹn ló wà títí di sáà 2025/26. Everton kọjá ẹ̀, wọ́n yọ àmì mẹ́wàá lára wọn ní November 2023, wọ́n pè é lẹ́jọ́, ó di mẹ́fà, wọ́n tún padà wá yọ méjì mìíì. Nottingham Forest fi mẹ́rin jóná ní sáà yẹn náà.

Ẹni tọ́gbọ́n pọ̀ lórí ẹ̀ ni Chelsea lábẹ́ àwọn tó rà wọ́n lọ́wọ́ Abramovich. Wọ́n ní òtẹ́ẹ̀lì méjì lẹ́bàá pápá, wọ́n ta méjèèjì fún ilé iṣẹ́ mìíì tó jẹ́ tiwọn náà, 76.5 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, ó sì hàn nínú ìwé pé owó wọlé. Bẹ́ ẹ bá kó fìríìjì yín láti pálọ̀ lọ sí kíṣìnnì, tẹ́ ẹ ní ẹ ti tà á, ìyàwó yín máa wò yín lójú.

Ṣé olówó kan ló ni gbogbo kílọ́ọ̀bù ni?

Rárá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni Real Madrid àti Barcelona, wọ́n ń dìbò yan ààrẹ. Ní Jámánì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní ohùn tó pọ̀ jù ní ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù. Ní Bayern, adidas, Audi àti Allianz ní ìpín kékeré kékeré níbẹ̀. Àmọ́ pé olówó ò sí ní ewu tiẹ̀: nígbà tí owó tán lọ́wọ́ Barcelona ní 2022, ìdá 25 nínú owó tẹlifíṣọ̀n La Liga wọn ni wọ́n tà fún ọdún 25. Ọmọ tí wọn ò tíì bí lónìí máa bá a níbẹ̀.

Tí wọ́n bá já sí ìsàlẹ̀ ńkọ́?

Premier League máa ń fún wọn lówó ìtùnú, ìdá 55 nínú 100 owó tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pín dọ́gba yẹn lọ́dún àkọ́kọ́, 45 lọ́dún kejì, 20 lọ́dún kẹta tí wọ́n bá ti pẹ́ lókè ju sáà kan lọ. Àwọn tí wọ́n bá nísàlẹ̀ sì ń bínú, torí ẹni tó já ti lówó jù wọ́n lọ.

Pẹ̀lú gbogbo owó yìí, kí ló dé tí gbèsè ò tán lọ́rùn wọn?

Owó oṣù ni. Bówó bá ṣe ń wọlé ni ó ń gba ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn aṣojú wọn jáde, débi pé UEFA ti ṣòfin pé kí owó oṣù, owó ríra àti owó aṣojú má ju ìdá 70 nínú 100 owó tó ń wọlé lọ.

Ẹ bi àwọn Leeds. Wọ́n dé sẹmi Champions League ní 2001, wọ́n ti yáwó lórí owó tí wọ́n rò pé ó máa wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, Champions League ò wá padà wá, wọ́n ta Rio Ferdinand fún Man United ní 2002, wọ́n ta èyí tó kù, wọ́n já sí ìsàlẹ̀ ní 2004, ó di 2007 wọ́n tún já sí ìpele kẹta. Ọdún 16 gbáko ni wọ́n lò kí wọ́n tó padà wọ Premier League. Owó tí kò tíì wọlé ni wọ́n ń ná.

Àwọn tiwa nílé ńkọ́, 3SC àti Remo Stars?

3SC gba Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, orúkọ wọn ò kéré, ṣùgbọ́n owó ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ń jẹun. Kò sí owó tẹlifíṣọ̀n tó nítumọ̀, géètì Adamásíngbà ò lè bọ́ wọn. Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́ ló yàtọ̀: Kunle Soname tó wà lára àwọn tó dá Bet9ja sílẹ̀ ló ni wọ́n, ó ní pápá tiẹ̀, ó ní ákádẹ́mì, ó tiẹ̀ ra kílọ́ọ̀bù Feirense ní Pọtogí ní 2015. Wọ́n gba líìgì Nàìjíríà ní 2024/25. Títa agbábọ́ọ̀lù sókè òkun ni ọ̀nà tí mo rí fún irú kílọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, torí ojú tó yẹ kó máa wo NPFL, ìyẹn líìgì tiwa, viewing centre ló wà.

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ àdúgbò wa kan ti ń gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ òyìnbó. Ṣé ákádẹ́mì tó kọ́ ọ lè rí nǹkan gbà?

Ó lè rí i, ó sì lè pọ̀. Òfin FIFA sọ pé tí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ìdá márùn-ún nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn kílọ́ọ̀bù tó tọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 sí 15 gba ìdá 0.25, láti 16 lọ sókè gba 0.5. Galatasaray ra Osimhen ní mílíọ̀nù 75 yúrò ní 2025. Ní irú iye bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní ọmọ lọ́wọ́ fún ọdún kan péré nígbà tó jẹ́ ọmọ 16, 375,000 yúrò nìyẹn, ká ní ọmọ 13 ni, 187,500.

Látìgbà tí FIFA ti dá Clearing House, ibi tí owó yìí ń gbà kọjá, sílẹ̀ ní Paris ní 2022, páspọ́ọ̀tù bọ́ọ̀lù ọmọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń pín in. Ẹni tórúkọ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, kó lọ kọ́ ọmọ mìíì. Àwọn kóòṣì wa máa ń kó ọmọ jọ sórí pápá alámọ̀, wọ́n á ra bàtà fún un, wọ́n á gbé e lọ sọ́sibítù, wọn ò ní fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Àbúrò mi, ẹ forúkọ ákádẹ́mì yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ yín, ẹ kọ ọjọ́ tí ọmọ dé àti ọjọ́ tó lọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó wọlé sórí ẹ̀rọ NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, kí ọmọ náà tó wọkọ̀ òfurufú.